Ọmọ mi wà nínú ínkúbétọ̀, ọkàn mi kò sì fà sí i: ṣé ìyá burúkú ni mí?

Ìbéèrè: Ọ̀sẹ̀ 29 ni oyún mi wà nígbà tí ẹ̀jẹ̀ mi ru, tí wọ́n sáré fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ mi jáde. Gíráàmù 1,150 ni ó wọ̀n. Ọjọ́ kejì ni mo tó fojú kàn án. Òní ni ọjọ́ kejìlá tó ti wà nínú ínkúbétọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń ṣe gbogbo nǹkan fún un. Bí wọ́n bá pe "ìyá ọmọ", màá wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Ẹ̀rù ń bà mí láti fọwọ́ kàn án. Bí ẹ̀rọ bá ti pariwo, màá sá jáde. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mò ń fún ọmú lójúmọ́, kì í ju mìlílítà 20 lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹkún ni mo sì máa ń sun bí mo bá ń fún un. Àwọn ènìyàn ní kí n máa dúpẹ́ pé ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n bí mo bá wò ó, kò sí nǹkan kan tí mò ń mọ̀ lára. Ṣé n kò nífẹ̀ẹ́ ọmọ mi ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ o, ìyá ọmọ. Ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn ni a ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ló ń jẹ yín lọ́kàn jù. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́ ọmọ. Ẹni tí kò bìkítà kì í fi omijé fún ọmú lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, kì í sì í jókòó kọ irú ìbéèrè yìí.

Ẹ̀rọ kọ́ ló ń dùn yín jù, kì í sì í ṣe bí ọmọ ṣe kéré tó. Iṣẹ́ ìyá tó bọ́ lọ́wọ́ yín ni. Ní 1993, Margaret Miles àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé ìbéèrè kan jáde tí wọ́n fi ń wọn ìdààmú àwọn òbí tí ọmọ wọn wà ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí òbí ń rí àti ariwo tó ń gbọ́ nínú yàrá náà; bí ara ọmọ àti ìṣe rẹ̀ ṣe rí; àti bí ipò òbí ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, níbi púpọ̀ tí wọ́n ti lò ó, apá kẹta yìí ni àwọn ìyá sábà máa ń sọ pé ó dùn wọ́n jù: ẹlòmíràn ló ń gbé ọmọ wọn, ẹlòmíràn ló ń pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀, ẹlòmíràn ló mọ ìgbà tó sùn àti ìgbà tó jí. Orí èyí ni gbogbo ìmọ̀ràn wa dúró lé. Ẹ gba iṣẹ́ náà padà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ẹ má jókòó de ìfẹ́ kó tó dé kí ẹ tó fọwọ́ kan ọmọ. Inú ìtọ́jú ni ìfẹ́ náà ti máa ń dàgbà.

Ìdí wà tí ara yín fi dákẹ́. Bí ìbí bá lọ geere, ìyá á gbọ́ igbe ọmọ, wọn á gbé e lé e láyà, á gbóòórùn rẹ̀, á fi ọmú sí i lẹ́nu láàárín wákàtí àkọ́kọ́. Pẹ̀lú gbogbo ìfarakanra yìí ni oxytocin, èròjà inú ara tó ń mú ọmú sun, tó sì ń fa ọkàn ìyá mọ́ ọmọ, ti máa ń tú jáde. Ẹ̀yin kò rí ìkankan nínú rẹ̀. Orí ibùsùn iṣẹ́ abẹ ni ẹ wà. Ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti fa oògùn magnesium sí yín lára nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tó máa ń mú kí ara wúwo, kí orí sì máa ṣe bí ẹni ń tòògbé. Ọmọ ti lọ sí yàrá mìíràn kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 11 tó kù tó yẹ kí ẹ fi máa múra sílẹ̀ dè é, kò sí mọ́.

Ìdí kejì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkàn tó ń bẹ̀rù pé òun lè pàdánù ọmọ máa ń fà sẹ́yìn kó má baà fọ́. Ìyá mìíràn kì í fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ, òmíràn kì í ra aṣọ fún un. Òmíràn á máa rò ó ní kọ̀rọ̀ pé bí ọmọ yìí bá máa lọ, kó tètè lọ kí òun tó mọ̀ ọ́n jù. Ó máa ń ṣòro láti sọ irú èrò yẹn síta, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà nínú ewu, ẹ̀rù ló sì ń bí i. Kì í ṣe pé ìyá fẹ́ ikú ọmọ. (Bí èrò náà bá wá di ti pé kí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe ohun kan sí ọmọ tàbí sí ara yín, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn, a ó débẹ̀.)

Ẹ kò béèrè ohun tó fà á, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ìyá ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé má máa bi ara rẹ̀ léèrè pé "kí ni mo ṣe?" Inú ibi ọmọ ni ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí oyún ṣì kéré, tí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó fẹ̀ kó lè bọ́ ibi náà kò fẹ̀ tó. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe, ẹrù tí ẹ gbé, ìbínú, ìrònú tàbí ìbálòpọ̀ kọ́ ló fà á. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣì ń gún yín, ẹ ní kí dókítà tó gbẹ̀bí yín jókòó tì yín, kó ṣí fáìlì yín, kó sì ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ti gidi máa ń tu ọkàn lára ju "ẹ má dá ara yín lẹ́bi" lọ.

Ẹ má sì gbàgbé ara tiyín. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru yìí kì í parí lọ́jọ́ ìbí. Ó lè yọjú padà títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí orí bá ń fọ́ yín tí kò lọ, bí ojú bá ń ṣe bàìbàì tàbí tí ẹ ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànàmànà, bí òkè ikùn yín lápá ọ̀tún bá ń dùn yín, tàbí tí èémí yín ń há, ilé ìwòsàn ni o, lójú ẹsẹ̀. Ìyá púpọ̀ ló máa ń fojú fo irú àmì yìí nítorí pé ọ̀dọ̀ ọmọ ni gbogbo ọkàn wọn wà. Ẹ máa lo oògùn yín bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ yín.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ọwọ́ kíkàn. Ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Awọ ọmọ ọ̀sẹ̀ 29 tín-ín-rín gan-an, ọpọlọ rẹ̀ kò sì tíì lè fara da kí ìka máa rìn lọ rìn bọ̀ lára rẹ̀. Bí ìyá bá ń ra á lára bí a ti ń ṣe fún ọmọ tó gbó, ara ọmọ lè gbọ̀n, ìlù ọkàn rẹ̀ lè yí padà, ẹ̀rọ á pariwo, ìyá á sì gbà pé òun ti ṣe ọmọ léṣe. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sá. Ọwọ́ tó dúró jẹ́ẹ́ ni ọmọ náà fẹ́. Ẹ bọ́ òrùka àti aago, ẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ẹ jẹ́ kó gbẹ kó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí ẹ tó na ọwọ́ sínú ínkúbétọ̀, ẹ pe orúkọ rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́. Etí ọmọ ti ń gbọ́ràn láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 25 nínú oyún, ohùn yín ló sì mọ̀ jù. Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ kan bo orí rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́, kí èkejì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ ikùn, kó sì dúró síbẹ̀. Kò sí pé à ń ra á, kò sí pé à ń gbá a pẹ́pẹ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kúrò, kí ọwọ́ kan kọ́kọ́ kúrò, kí ẹ sinmi díẹ̀, kí èkejì tó tẹ̀lé e.

Ọmọ fúnra rẹ̀ á fi hàn yín bí ó bá ti tó. Bí ó bá la ìka rẹ̀ gbàgà, tó ń yán léraléra, tó ń sín, tó ń ṣe òsúkè, tó gbójú kúrò, tó na ẹ̀yìn le, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ìsinmi ló ń fẹ́. Kì í ṣe pé ó kọ̀ yín. Bí ó bá ń gbé ọwọ́ lọ sẹ́nu, tí ojú rẹ̀ rọ̀, tí èémí rẹ̀ ń lọ déédéé, ó fẹ́ kí ẹ dúró. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi mọ àmì wọ̀nyí ju àwọn nọ́ọ̀sì lọ, nítorí nọ́ọ̀sì máa ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, ìyá kì í gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè àkókò tí wọ́n máa ń tọ́jú ọmọ. Ní yàrá púpọ̀, wákàtí mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin ni. Ẹ mú iṣẹ́ kan nínú rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ di tiyín: pípààrọ̀ ìlédìí, wíwọn bí ara ọmọ ṣe gbóná tó, tàbí dídi síríńjì mú nígbà tí omi ọmú bá ń sọ̀kalẹ̀ gba inú rọ́bà lọ sí ikùn rẹ̀. Ẹ fẹnu sọ ọ́ kedere fún nọ́ọ̀sì: "Ẹ jọ̀ọ́, ìlédìí aago mẹ́wàá, èmi ni mo fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ kàn dúró tì mí." Bí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má fa ẹsẹ̀ ọmọ sókè, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, nítorí gbígbé ẹsẹ̀ sókè máa ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí rẹ̀, ó sì máa ń tẹ ikùn rẹ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé kí ẹ tó dé, nọ́ọ̀sì ti parí rẹ̀. Iṣẹ́ ló pọ̀ fún un. Kì í ṣe pé ó wò yín pé ẹ kò lè ṣe é. Ẹ tún sọ ọ́ fún èyí tó bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń jowú nọ́ọ̀sì nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ yá, tí inú sì ń bí yín sí ẹni náà gan-an tó ń gba ẹ̀mí ọmọ yín là, kò sí ohun tó bàjẹ́ lára yín. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń rí bẹ́ẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí ìyá lè ṣe, kò sí èyí tó lágbára tó gbígbé ọmọ sáyà, awọ sí awọ, tí wọ́n ń pè ní ìtọ́jú kangaroo. Ní Bogotá, olú-ìlú Kòlóńbíà, ni Dókítà Edgar Rey Sanabria ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1978, nígbà tí ínkúbétọ̀ kò tó, tí ọmọ tó ju ẹyọ kan lọ ń wà nínú ínkúbétọ̀ kan, tí àkóràn sì ń pa wọ́n. Ní 2021, àbájáde ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé darí ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Nàìjíríà àti Tànsáníà jáde. Ó fi hàn pé fún àwọn ọmọ tó wọ̀n láti kílò 1 sí nǹkan bí 1.8, bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kété lẹ́yìn ìbí, tí wọn kò dúró de ìgbà tí ara ọmọ bá balẹ̀, ikú láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìwọ̀n ọmọ yín bọ́ sáàárín yẹn. Ní 2022, àjọ náà dábàá wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́, bí ó bá ti lè pọ̀ tó. Nítorí náà, ẹ má béèrè rẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ àánú: ìtọ́jú ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà lọ́la pé, "Kí ló kù kí n tó lè gbé ọmọ mi sáyà?" Ọmọ tó ń gba ọ́síjìn ní imú tàbí tí wọ́n ń fi rọ́bà bọ́ ṣì lè wà láyà ìyá. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń bá a mí, dókítà ni yóò sọ bó ṣe yẹ.

Kí ẹ tó jókòó, ẹ jẹun, ẹ tọ̀, kí omi mímu wà nítòsí. Ẹ wọ aṣọ tó ń ṣí níwájú, ẹ má fi lọ́fíńdà tàbí ìpara sáyà. Nítorí iṣẹ́ abẹ yín, ẹ fi ìrọ̀rí bo ojú ọgbẹ́. Kí nọ́ọ̀sì kan gbé ọmọ, kí ẹnìkejì di wáyà àti rọ́bà mú, nítorí àkókò gbígbé yìí ni rọ́bà sábà máa ń fà yọ. Ìlédìí, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni kó wà lára ọmọ. Ẹ gbé e dúró sáàárín ọmú méjèèjì, àyà sí àyà, kí orí rẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí àgbọ̀n rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ fi aṣọ dì í dé ìsàlẹ̀ etí, kó le tó tí kò fi ní yọ̀ sílẹ̀. Ẹ rọ̀gbọ̀kú, ẹ má sùn gbalaja. Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ ni pé ọmọ á yọ̀ wá sísàlẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ á kan àyà, ọ̀nà ọ̀fun á sì ká. Ẹ máa wo imú àti ẹnu rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Kí ó má dín ní wákàtí kan, nítorí ìgbésókè àti ìgbésílẹ̀ fúnra wọn ń rẹ ọmọ, ó sì nílò àkókò láti sùn jinlẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 10 sí 15 àkọ́kọ́, nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ lè máa lọ sókè sódò. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá dára, tí nọ́ọ̀sì kò sì rí ewu, ẹ ní sùúrù.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ lè sunkún, ẹ̀rù lè bò yín, ó sì lè jẹ́ pé ẹ kò ní mọ nǹkan kan lára rárá. Ẹ má fi ọjọ́ yẹn dájọ́ ara yín. Ẹ padà lọ́la, kí ẹ tún padà lọ́túnla.

Ọ̀rọ̀ ọmú: ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mìlílítà 20 lọ́nà márùn-ún jẹ́ 100 lójúmọ́. Ọmọ tó wọ̀n tó tiyín, bí wọ́n bá ti ń bọ́ ọ dé ìwọ̀n tó yẹ, sábà máa ń gba nǹkan bí 150 sí 160 fún kílò kan, ìyẹn nǹkan bíi 170 sí 185 lójúmọ́. Ohun tí ẹ ń fún ti ju ìdajì lọ. Ìdí tí kò fi tíì pọ̀ sí i ni pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún kéré. Ọmú tó bá kún tí a kò fún máa ń sọ fún ara pé kó dín in kù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ní wákàtí 24 ló yẹ, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ bọ́ sí òru, kí àlàfo tó gùn jù má ju wákàtí márùn-ún lọ, kí ẹ lè rí oorun tó nítumọ̀ sùn. Ẹ fọwọ́ rọra pa ọmú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ fún un fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ọmú méjèèjì pa pọ̀ bí ẹ̀rọ yín bá lè ṣe é. Bí ó bá dá, ẹ fọwọ́ fún ìyókù: àtàǹpàkò lókè, ìka ìfábẹ̀lá nísàlẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 sí orí ọmú, ẹ tì í sẹ́yìn sí àyà, ẹ fún un, ẹ tú u sílẹ̀. Ìka kò gbọdọ̀ máa yọ̀ lórí awọ. Fífún ọmú kò gbọdọ̀ dùn yín. Bí ó bá ń dùn yín, agbára ẹ̀rọ ti pọ̀ jù tàbí ife rẹ̀ kò bá orí ọmú yín mu.

Ìdààmú kì í gbẹ ọmú, ṣùgbọ́n ó máa ń dí ìsun rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí ìbẹ̀rù ń dènà oxytocin. Àkókò tó dára jù láti fún un ni ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ kúrò láyà, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ínkúbétọ̀. Bí ẹ bá wà nílé, ẹ gbé aṣọ kékeré tó ti wà lábẹ́ orí ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ imú yín, kí tiyín tó ti wà láyà yín sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ bo ìgò ẹ̀rọ náà kí ẹ má baà máa ka ẹ̀kán. Ní ti ẹkún yín, ẹ kíyè sí ìgbà tó ń dé. Àwọn ìyá kan wà tí ìbànújẹ́ òjijì máa ń bò wọ́n ní kété kí ọmú tó sun, tí á sì kúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìyípadà èròjà inú ara ló fa ìyẹn, kì í ṣe ohun tí ẹ ń rò. Bí ẹkún náà bá wà kí ẹ tó fún un àti lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn nílò àkíyèsí mìíràn. Bí omi ọmú yín kò bá tíì tó, ẹ béèrè bóyá ilé ìwòsàn yín ní omi ọmú tí àwọn ìyá mìíràn fi tọrẹ, tí wọ́n sì ti ṣe tán fún lílò. Èyí tí ẹ bá rí fún, bó ti wù kó kéré, ẹ gbé e wá. Àní, ẹ̀kán rẹ̀ tí nọ́ọ̀sì bá fi pa inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ wúlò fún un.

Ariwo ẹ̀rọ: ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe ewu. Wáyà lè tú tàbí kí ọmọ jan ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 34, bí a bá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún, máa ń gbàgbé láti mí nígbà mìíràn, nítorí ibi tó ń darí èémí nínú ọpọlọ kò tíì gbó. Bí kò bá mí fún ìṣẹ́jú àáyá 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí bí ìlù ọkàn rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, nọ́ọ̀sì á fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Wọ́n máa ń fún wọn ní oògùn kaféènì nítorí rẹ̀, ó sì sábà máa ń lọ bí ọmọ bá ti ń sún mọ́ ọ̀sẹ̀ 36 tàbí 37. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan àti ariwo kọ̀ọ̀kan hàn yín, èyí tó ń fẹ́ ìsáré àti èyí tí kò fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, bí ó bá ké, ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí? Àwọ̀ ètè rẹ̀ ń kọ́? Bí ẹ bá gbé e sáyà, ẹ kọ ẹ̀yìn sí ojú ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀sì ń wò ó.

Bí dókítà bá ń lọ yí ká, ẹ wà níbẹ̀, kí bébà àti kálàmù wà lọ́wọ́, nítorí ọkàn tó dààmú kì í di ọ̀rọ̀ mú. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ béèrè: kí ló yí padà láti àná, kí ni ẹ ń ṣọ́ lónìí, kí ni mo lè fi ọwọ́ ara mi ṣe? Ní ti àwọn tó ń ní kí ẹ máa dúpẹ́, ìdùnnú pé ọmọ wà láàyè àti ìbànújẹ́ lórí bó ṣe dé lè jọ wà nínú ọkàn kan náà. Ẹ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ẹ̀rín músẹ́. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa sọ ìròyìn ọmọ fún gbogbo ẹbí, kí fóònù má baà pa yín. Bí bàbá ọmọ kò bá sunkún, ẹ má rò pé kò dùn ún. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń gbé tiwọn mì. Ẹ jẹ́ kí òun náà gbé ọmọ sáyà.

Wàyí o, ibi tí àárẹ̀ ọkàn ti ń di àìsàn. Ẹkún àti ìrònú tó ń dé láti ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún lẹ́yìn ìbí sábà máa ń lọ kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ kejìlá lẹ wà, nítorí náà ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Bí kò bá dín kù, bí oúnjẹ kò bá wù yín, bí ẹ kò bá lè sùn kódà nígbà tí àyè wà, bí ó bá ń ṣe yín bíi pé ẹ kò wúlò, ó ṣeé ṣe kó ti di ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbí, èyí tó wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe ju àwọn ìyá yòókù lọ. Ẹ béèrè fún ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Edinburgh Postnatal Depression Scale, tí John Cox àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1987. Ìbéèrè mẹ́wàá ni, lórí ọjọ́ méje tó kọjá, máàkì rẹ̀ kò sì ju 30 lọ. Bí ó bá tó 10, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀. Bí ó bá tó 13, ó ṣeé ṣe gan-an pé ìrẹ̀wẹ̀sì ni. Ìbéèrè kẹwàá ń béèrè nípa ṣíṣe ara ẹni léṣe. Bí ìdáhùn yín sí i bá ju "rárá" lọ, tàbí bí ẹ bá ń rò ó láti ṣe ọmọ léṣe, ẹ sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ náà gan-an, iye yòówù kí ìyókù jẹ́. Ìwòsàn wà fún un: ìjókòó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú onímọ̀ ìlera ọkàn, àti oògùn. Sertraline, fún àpẹẹrẹ, kì í wọ inú omi ọmú púpọ̀, ọ̀pọ̀ ìyá sì ń lò ó nígbà tí wọ́n ń fọ́mọ lọ́mú. Ẹ jẹ́ kí dókítà yín àti ti ọmọ jọ mọ̀ sí i.

Ọgbẹ́ ọkàn jẹ́ ohun mìíràn. Bí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà bá ń padà wá sójú yín láìpè, tí àlá burúkú ń jí yín, tí ẹ ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ níbi tí ẹ̀rọ kò sí, tí ẹ sì ń yẹra fún yàrá ọmọ nítorí rẹ̀, ẹ sọ ọ́ nísinsìnyí. Bí ó bá ju oṣù kan lọ, kì í sábà lọ fúnra rẹ̀. Sísá tí ẹ ń sá jáde lè jẹ́ apá kan nínú rẹ̀. Ẹ má fi pa mọ́ fún dókítà. Bí ìyá kò bá sùn fún ọjọ́ mélòó kan tí kò sì rẹ̀ ẹ́, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tó gbà pé wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ìtọ́jú pàjáwìrì ni, kò sì yẹ kí ìyá náà dá wà.

Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ máa gbé ọmọ lọ sílé lè bá yín pẹ̀lú ìbẹ̀rù dípò ayọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ bíi tiyín, ó máa ń sún mọ́ ọjọ́ tó yẹ kí ẹ bí i gan-an: nígbà tó bá ń mí dáadáa, tó ń fi ẹnu jẹun tó, tó ń sanra, tí ara rẹ̀ sì ń gbóná tó láìsí ínkúbétọ̀. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè sun òru kan tàbí méjì pẹ̀lú rẹ̀ nílé ìwòsàn, kí ẹ̀yin nìkan máa ṣe gbogbo ìtọ́jú nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣì wà nítòsí. Ẹ tún ṣe ìdánwò ìbéèrè mẹ́wàá náà lẹ́yìn oṣù kan nílé, nítorí ìgbà tí ewu bá kọjá ni ọkàn àwọn ìyá kan tó ń wó.

Títí ọmọ yóò fi pé ọdún méjì, ẹ máa yọ ọ̀sẹ̀ 11 kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀ kí ẹ tó fi í wé ọmọ mìíràn. Ọmọ tó pé oṣù sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Fún tiyín, ìyẹn á bọ́ sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 17 sí 19 lẹ́yìn ìbí. Bí ó bá ti pé oṣù mẹ́ta tí kò tíì rẹ́rìn-ín, kì í ṣe pé kò mọ̀ yín. Àkókò rẹ̀ ni kò tíì tó. Bí ọ̀sẹ̀ 19 yẹn bá kọjá dáadáa tí kò tíì ṣe é, ẹ sọ fún dókítà lọ́jọ́ àyẹ̀wò rẹ̀.